Yẹ̀pẹ̀ Ìdí Ilé Tuntun: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tó Ń Fi Owó Yín Ṣòfò

Ó ti sú mi o. Èèyàn á kọ́lé tán, á kùn ún, á ra géètì tó ń dán gbinrin, àmọ́ tó bá kan yẹ̀pẹ̀ ìdí ògiri, owó á tán lọ́wọ́ ẹ̀. Òjò á wá bá a dá sí i.

1. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bọ́ọ̀lù nìyẹn dáa fún. Ilẹ̀ ìdí ilé gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ́ lọ síta kómi òjò lè ṣàn kúrò, ó kéré tán kó fi íǹṣì 6 wálẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 àkọ́kọ́. Ẹ má fojú díwọ̀n ẹ̀ jàre, ẹ ta okùn, kẹ́ ẹ gbé lẹ́fẹ̀lì sí i.

2. Kí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ dí kòtò fáúndéṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Típà á dé, á dà á sílẹ̀ gbàà, àwọn ọmọ iṣẹ́ á fi ṣọ́bìrì tẹ́ ojú ẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó parí. Ẹ̀gbọ́n, abẹ́ yẹn ò tíì le o! Bí òjò bá ti ń rọ̀ sí i ló máa máa rì, ìdí ògiri ló sì máa rì jù torí ibẹ̀ ni kòtò ti jìn, omi tó yẹ kó máa lọ síta á wá ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ yín. Bọ̀dá kan pè mí wá wo ilé ẹ̀, ó ti to íńtalọ́ọ̀kù yí gbogbo ilé ká kí ilẹ̀ tó jókòó. Mo da ife omi kan síbẹ̀, omi ò yà síbì kan, ògiri pálọ̀ ló gbà lọ tààrà. Ó ní bíríkìlà òun ní á gbẹ tó bá yá. Kí ló fẹ́ gbẹ? Gbogbo ẹ̀ la tú, a tún yẹ̀pẹ̀ dà, bí íǹṣì 6 sí 8 lẹ́ẹ̀kan, a wọ́n omi sí i, a gún un kó le ká tó da òmíràn lé e. Owó ìlọ́po méjì nìyẹn. Ìyàwó mi ní tá a bá lọ kí èèyàn, ìdí ògiri ni mo máa ń wò bí ẹni tówó jábọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò parọ́.

3. Pákó àti àpò sìmẹ́ǹtì nínú kòtò. Wọ́n á jẹrà, ilẹ̀ á rì, ikán á jẹun yó.

Ẹ má fi yanrìn bo ojú yẹ̀pẹ̀ tẹ́ ẹ dà sídìí ògiri, kíá ló ń gbé omi lọ sísàlẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tó ní amọ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí fáúndéṣọ̀n yọ sókè ju yẹ̀pẹ̀ yẹn lọ, ó kéré tán íǹṣì 6.

Páìpù omi òrùlé tó ń dà sídìí ògiri, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ fà á gùn síta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbin òdòdó mọ́ ògiri tẹ́ ẹ wá fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, adágún lẹ kọ́ yẹn. Ẹ fàyè sílẹ̀ kómi rí ibi jáde.

Tẹ́ ẹ bá sì ti lé omi kúrò nídìí ilé, ẹ má lé e wọlé aládùúgbò. Ẹ la ojú àgbàrá tí ò jìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ yín kó gbé e dé gọ́tà, àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa wá gbá ilẹ̀kùn yín lóru?