Bí ẹ ṣe lè fi ìka ọwọ́ wá Hawaii lórí òkun

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì jọ́gíráfì mi ni pé kí wọ́n pa máàpù dé ná. Mau Piailug, ará erékùṣù Satawal ní Micronesia, kò lo máàpù, kò lo kọ́ńpáàsì, nígbà tó darí ọkọ̀ ojú omi Hōkūleʻa láti Hawaii dé Tahiti, erékùṣù kan ní gúúsù agbedeméjì ayé, lọ́dún 1976, nǹkan bíi 2,500 máìlì. Lọ́dún 1980, Nainoa Thompson, ọmọ Hawaii tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣe àlọ, ó tún ṣe àbọ̀. Àbọ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn láti fi kọ́ni.

Ẹ na apá yín gbọọrọ, kí ẹ di ìkúùkù. Ìkúùkù kan tó dígírì 10 lójú ọ̀run, ìka kan tó 2. Ẹ fi wọn bí Ìràwọ̀ Àríwá ṣe ga tó sí ibi tí ọ̀run ti pàdé òkun. Ní Tahiti, ẹ ò ní rí i rárá. Ẹ gbọ́dọ̀ kọjá agbedeméjì ayé kó tó yọjú, yóò sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi tó ìkúùkù méjì. Ẹ ti dé ọ̀gangan Hawaii nìyẹn. (Ní Èkó, bí ìka mẹ́ta péré ni. Etí òkun wa ò sì ràn wá lọ́wọ́, gúúsù ló kọjú sí.)

Ṣùgbọ́n ṣé Hawaii wà lọ́tùn-ún ni àbí lósì? Ìràwọ̀ yẹn ò lè sọ. Àwọn ọmọ máa ń rò pé tààrà ni èèyàn máa kọjú sí erékùṣù. Rárá o! Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yà sí ìlà oòrùn rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Tí ìràwọ̀ bá ti ga tó, ìwọ̀ oòrùn nìkan ló kù láti yà sí, afẹ́fẹ́ á sì máa tì yín lẹ́yìn. Ọgbọ́n yìí wù mí ju gbogbo ìyókù lọ.

Bí àwọsánmọ̀ bá bo ojú ọ̀run, ìgbì ni kí ẹ fi ara gbọ́. Ìgbà tí oòrùn bá ń yọ ni kí ẹ ti mọ apá ibi tí ìgbì ti ń wá, kí ẹ má baà ṣìnà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ó ku ẹyẹ. Ẹyẹ funfun kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní manu o Kū, orí ilẹ̀ ló ń sùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ tẹ̀ lé ibi tó ń fò lọ. Láàárọ̀, ibi tó ti ń bọ̀ ni kí ẹ wò, àfi tí ẹja bá wà lẹ́nu rẹ̀: ọmọ ló fẹ́ lọ bọ́, ilé ló kọrí sí.