Octane wo ló yẹ ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì àtijọ́?

Láti Òkè-Fìà dé Ọláìyá, ilé epo yòówù kí ẹ yà sí l'Óṣogbo, irú bẹntiróòlù kan náà ni wọ́n máa rọ fún yín. Kí wá lèèyàn fẹ́ yàn? Ẹ́ńjìnnì yín lẹ máa bá epo mu.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ọkọ̀ náà. Bó bá ti sọnù, ẹ wo ẹ̀yìn ìdérí ojú táǹkì. Nọ́ńbà octane wà níbẹ̀: èyí tó ti Amẹ́ríkà wá lè ní 87, èyí tó ti Jámánì wá á ní 91. Ẹ má jáyà, ọgbọọgba ni wọ́n. Òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. Ti Jámánì yẹn, RON, la ń lò ní Nàìjíríà, ìlànà wa sì ni pé bẹntiróòlù ò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí 91. Ó tó ẹ́ńjìnnì 1600 inú kómbì Volkswagen àtijọ́.

Octane kì í ṣe agbára o. Bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ láì gbiná fúnra ẹ̀ ló ń wọ̀n. Bí 91 bá ti tó ọkọ̀ yín, ẹni tó ń wá 98 kiri kàn ń náwó ni.

Ó wá ku kí ẹ dán an wò. Ẹ kó ẹrù tí ẹ máa ń kó, ẹ gba ọ̀nà Iléṣà, kí ẹ tẹná níbi tí òkè wà, ní jíà kẹta. Ẹ dákẹ́ rédíò. Bí ẹ bá gbọ́ ṣẹkẹṣẹkẹ, bí ìgbà téèyàn ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì, tó sì dákẹ́ bí ẹ ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, nọ́ọ̀kì nìyẹn, epo ló ń gbiná fúnra ẹ̀. Bí kò bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ octane kọ́.

Bó bá jẹ́ epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ rà, ẹ fura: kẹrosíìnì tí wọ́n bá fi lú u ń fa octane wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tán, kí ẹ ra ti ilé epo.

Ṣé nọ́ọ̀kì náà ò tíì lọ? Táímì ni, ìyẹn àkókò tí pulọ́ọ̀gì ń ṣáná. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí disitíríbútọ̀, tó ń pín iná fún àwọn pulọ́ọ̀gì, wà, ẹ tú bóòtì ẹ̀, ẹ yí i díẹ̀ báyìí, bíi fífẹ̀ ọ̀pá ìṣáná, síhà ibi tí rotor, apá tó ń yí nínú ẹ̀, ń yí sí. Ẹ dè é, ẹ padà sórí òkè náà. Mẹkáníìkì kan ti ní kí n paarọ̀ ẹ́ńjìnnì nígbà kan. Yíyí yìí ló yanjú ẹ̀. Ẹ má yí i jù, torí ọkọ̀ á máa gbóná, kò sì ní lágbára mọ́.