Aṣọ funfun lọ́dún Ọ̀ṣun: kámẹ́rà dígítà àti ti fíìmù

Ẹ̀yin ayàwòrán Òṣogbo, ẹ ṣọ́ra fún aṣọ funfun lọ́dún Ọ̀ṣun, lóṣù kẹjọ. Inú igbó ṣókùnkùn, nítorí náà kámẹ́rà á fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ kún un, aṣọ á wá funfun kọjá ààlà. Lórí dígítà, ibẹ̀ ti ṣófo nìyẹn, kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè dá padà. Ẹ fa àtúnṣe ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà (exposure compensation) wálẹ̀ sí -0.7, kí ẹ sì fi RAW, ìyẹn fáìlì tó ń pa gbogbo ohun tí kámẹ́rà gbà mọ́, yà á.

Fíìmù nẹ́gẹ́tíìfù, èyí tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn máa ń yí padà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ fọ́tò, yàtọ̀: àìtó ìmọ́lẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Bó bá jẹ́ ISO 400 (nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó), ẹ gbé kámẹ́rà sí 200, kí ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fíìmù sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn, ooru ń ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́.