Sensor ₦780,000 tí a kò nílò

Orí owó ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń ká mi lára jù. ₦780,000 ni ilé ìwòsàn wa san lórí sensor kan, ìyẹn ohun tó ń wọn bí omi oògùn inú ẹ̀rọ dáyálísíìsì ṣe ki sí, àti bọ́ọ̀dù kan, nígbà tí kò sí ohun tó ṣe àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ká má tíì sọ ti owó ọkọ̀ ẹni tó gbé wọn wá láti Èkó, oúnjẹ rẹ̀, àti hòtẹ́ẹ̀lì tó sùn sí ní Ìbarà. Ọjọ́ kẹsàn-án tó padà sí Èkó ni ẹ̀rọ náà tún figbe ta.

Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ni mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe níbí ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ dáyálísíìsì mẹ́rin la ní, àwọn tó ń bá ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́ fọ ẹ̀jẹ̀. Nọ́ńbà 4, tó wà ní ìpẹ̀kun yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni ọ̀rọ̀ kàn. Á ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ fún wákàtí kan tàbí méjì, á kàn ṣàdédé ké: kọndọ́kítífítì. Á ké fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á dákẹ́, á wá ṣe bí ẹni pé kì í ṣe òun.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: omi tí a ti sẹ́, tí a ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò, ni ẹ̀rọ yìí máa ń pò mọ́ omi oògùn méjì, ásíìdì àti bicarbonate. Bí àpòpọ̀ yẹn ṣe ń gbé iná kọjá sí, tí à ń pè ní kọndọ́kítífítì, ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ bóyá ó ki jù tàbí ó ṣàn jù. Tiwa máa ń wà ní nǹkan bíi 14.0 mS/cm. Bí ó bá ti yà kúrò níbẹ̀, ẹ̀rọ ò ní jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, á darí rẹ̀ sí páìpù ìdọ̀tí. Ìyẹn dára, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn á kàn máa yípo lásán ni, kò ní máa mọ́. Wákàtí mẹ́rin lẹni kan ń jókòó tì í, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí aláàmù bá jẹ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogún ìṣẹ́jú nínú rẹ̀, ta ni yóò dá a padà? Bàbá kan wà tó ń ti Odẹ̀dá wá, ibùsùn kẹrin yẹn ló fẹ́ràn nítorí atẹ́gùn fèrèsé. Lọ́jọ́ kan ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní, "Ẹnjiníà, kí ni mo ṣe fún ẹ̀rọ yín tó fi ń pariwo mọ́ mi báyìí?" N kò rí èsì fún bàbá.

Àwọn nǹkan tí gbogbo àwa tó ń tún ẹ̀rọ ṣe máa ń kọ́kọ́ ṣe, mo ti ṣe wọ́n. Mo fi citric acid gbígbóná fọ inú rẹ̀ kí ẹfun tó lè ti dì síbẹ̀ yọ́, mo pààrọ̀ àwọn rọ́bà kéékèèké tó wà lẹ́nu ọ̀pá tó ń fa oògùn, mo fọ fílítà. Ẹ mọ ìyẹn. Aláàmù ò gbọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá wa ti pe àwọn tó ta ẹ̀rọ fún wa. Lórí fóònù, kí ẹnì kankan tó fojú kan ẹ̀rọ, wọ́n ti ní sensor ni, pé ó ti gbó. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wò ó ná. Ọ̀gá ní ṣé mo mọ̀ ọ́n ju àwọn tó ń tà á lọ ni. Mo dákẹ́. Ọkùnrin náà dé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí aláìsàn tó kẹ́yìn ti lọ, ó tú ẹ̀rọ, ó fi tuntun sí i, ó tàn án fún wákàtí kan. Kò ké. Báwo ni yóò ṣe ké? Nọ́ńbà 4 nìkan ló ń mu omi nínú gbogbo ilé lásìkò yẹn. Àmọ́ n kò tíì mọ ìyẹn nígbà náà, nítorí náà èmi náà bá wọn pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, mo búra pé èmi ni màá wá ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí ni mí, bí wọ́n bá rẹ́ mi jẹ, n kì í gbé e mì.

Ọ̀ràn àìsàn ẹ̀rọ tó ń wá tó ń lọ ni pé kì í ké lójú ẹni tó fẹ́ wò ó. Bí ọmọ tó ń gbóná lóru, tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà láàárọ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ̀rọ X-ray àti ẹ̀rọ tó ń se irin iṣẹ́ abẹ kì í jẹ́ kí n gbádùn, nítorí náà ọjọ́ Sátidé ni mo fi sílẹ̀ fún nọ́ńbà 4. Sátidé àkọ́kọ́, mo gbé àga ti ẹ̀rọ náà láti agogo méjọ àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kò ké. Sátidé kejì, kò ké. Nọ́ọ̀sì kan gbé búrẹ́dì àti ẹ̀wà wá fún mi, ó ní ẹ̀rọ ń bẹ̀rù mi ni. Sátidé kẹta, iná lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, a tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì ń retí pé iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni yóò tú àṣírí. Kò ké! Mo bá ìyàwó mi jà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan.

Ká ní mo ti kọ́kọ́ bi ara mi léèrè ìdí tí Sátidé fi yàtọ̀, n kò bá ti jókòó nígbà kejì.

Mo ra ìwé kékeré kan, mo fi okùn so ó mọ́ ara ẹ̀rọ, mo ní kí àwọn nọ́ọ̀sì máa kọ àsìkò tó bá ké sílẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀ mo ṣí i. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n kọ: "àárọ̀", "ọ̀sán", "ó tún ké". Àárọ̀ wo? Mo lọ ra aago ògiri, mo kàn án mọ́ òkè ẹ̀rọ gan-an, mo bẹ̀ wọ́n pé nọ́ńbà tí ọwọ́ aago bá wà ni kí wọ́n kọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni nǹkan tó fojú hàn. Láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́: nǹkan bí agogo mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, àti nǹkan bí agogo méjì ààbọ̀. Iná ò mọ aago báyẹn. Èèyàn ló mọ aago báyẹn.

Ọjọ́ Túsìdeè, ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo pa gbogbo iṣẹ́ yòókù tì, mo lọ dúró ti nọ́ńbà 4 pẹ̀lú mítà kọndọ́kítífítì ọlọ́wọ́ kan. Ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó ké. Mo gba omi díẹ̀ láti ara páìpù rẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù, mo ti mítà bọ̀ ọ́. Ojú ẹ̀rọ ní 15.3. Mítà ọwọ́ mi ní 15.2.

Mo dúró bí òpó. Àpòpọ̀ náà ki lóòótọ́! Sensor kò purọ́ rí, èyí tuntun kò purọ́, èyí àtijọ́ kò purọ́. Ìránṣẹ́ tó wá jíṣẹ́ fún wa la lé jáde nílé, a sì sanwó kí ìránṣẹ́ mìíràn wá jẹ́ iṣẹ́ kan náà. Mítà ọlọ́wọ́ yẹn sì rèé, inú kọ́bọ́ọ̀dù wa ló wà láti ọjọ́ yìí wá. Ìṣẹ́jú méjì péré ni yóò gbà láti fi wé ti ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ sensor.

Bí àpòpọ̀ bá ki, yálà oògùn pọ̀ jù tàbí omi kéré jù. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbé nọ́ńbà 4 lọ sí ipò nọ́ńbà 1, mo gbé nọ́ńbà 1 wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Lọ́jọ́ kejì, ní agogo mẹ́wàá kọjá, nọ́ńbà 1 tí kò ké rí láyé rẹ̀ figbe ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nọ́ńbà 4 ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀ ní ìkángun kejì. Ibi tó dúró sí ló ń ṣe é. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lójú àwọn aláìsàn.

Mo lọ sí Lafẹ́ńwá, mo ra gèéjì ìwọn agbára omi, púlọ́ḿbà bá mi so ó mọ́ ẹnu páìpù tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn tí a ti ṣíwọ́ lálẹ́. Bí ó ti yẹ, 2.2 bár. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wa wá ní kò gbọdọ̀ dín ní 1.5. Nígbà tí àsìkò rẹ̀ tó lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ gèéjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lójú mi, díẹ̀díẹ̀, ó dúró lórí 1.1. Ẹ̀rọ náà ní aláàmù omi tirẹ̀, àmọ́ omi ò lọ sílẹ̀ débi tí ìyẹn yóò fi ké. Ó kàn lọ sílẹ̀ débi tí àpòpọ̀ fi ń ki ni.

Mo ń tọ páìpù lọ lẹ́sẹ̀ lára ògiri, mo gba ẹ̀yìn yàrá jáde, mo dé sítọ́ọ̀. Ìyá Ìbejì tó ń tọ́jú ilé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí táàpù omi sísẹ́ náà dé òpin, ó ń rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọ̀kan ti kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"Oò, Ẹnjiníà. Ẹ wá bá wa wo omi yìí jàre, kì í yá. Mo fẹ́ẹ́ sọ fún yín láti ọjọ́ yìí."

Èmi ni mo wá fẹjọ́ sùn, òun ló tún ń fẹjọ́ omi sùn mí! Mo bèèrè ìgbà tó ti ń pọn ọ́n. Ó ní láti oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí wọ́n ṣíwọ́ ríra bicarbonate olómi nítorí owó rẹ̀ tó gòkè, tí mátíróònù ní kí àwọn nọ́ọ̀sì máa po ti ìyẹ̀fun fúnra wọn. Kẹ́ẹ̀gì méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án. Sátidé, òun kì í wá, nọ́ọ̀sì á ti pọn tiwọn kí aláìsàn tó dé.

Mo ṣe ìṣirò náà sórí páálí. Ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 500 mílílítà lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, lítà méjì ni gbogbo wọn. Táàpù kan ṣoṣo yẹn ń gbà tó lítà márùn-ún. Ẹni tó wà nípẹ̀kun páìpù ni òùngbẹ ń pa. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n ti ń fa omi níbẹ̀, èmi náà kò sì béèrè.

Àtúnṣe rẹ̀ kò tó nǹkan. Bicarbonate tí a pò kò yẹ kó lò kọjá ọjọ́ kan, nítorí náà a kò lè pọn ọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀. Kí Ìyá Ìbejì máa dé ní agogo mẹ́fà ló kù, kó rọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀. Mo sì ní kí púlọ́ḿbà dín ẹnu táàpù náà kù. Ṣé ẹ mọ ohun tó wá fa àríyànjiyàn? Owó ọkọ̀. Láti Adátán, agogo márùn-ún àárọ̀, Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n fi ₦600 kún un lójúmọ́. Ọ̀gá tó san ₦780,000 láìbèèrè jókòó fún odidi ìpàdé kan lórí ₦600. Lọ́dún 2025, ìjọba àpapọ̀ dín owó dáyálísíìsì kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan. Àwa aládàáni ò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ mọ ọrùn ẹni tí owó sensor yẹn ń já lé.

Wọ́n padà gbà. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé, ìwé tó so mọ́ ara ẹ̀rọ kò ní àkọsílẹ̀ kankan mọ́. Lọ́jọ́rú tó kọjá, bàbá Odẹ̀dá sùn títí wákàtí mẹ́rin fi pé. Nọ́ọ̀sì lọ jí i, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yá.

A kọ lẹ́tà sí àwọn tó ta sensor. Wọ́n ní ọjà tí a bá ti tà kì í padà. Mo fi èyí àtijọ́ sínú nọ́ńbà 2 lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ dín, mo fi mítà wé e. Ó ń ka 14.0 géérégé. Inú dúrọ́ọ̀ mi ló wà báyìí, mo fi máákà kọ 14.0 náà sí i lára.