Bí ẹ ṣe lè fi Excel wá dark matter láti Kubwa

Ẹ má tíì ra awò-ìràwọ̀. Eruku ọyẹ́ Abuja kò ní jẹ́ kí ẹ gbádùn rẹ̀, iṣẹ́ yìí kò sì nílò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ní Excel àti dátà táṣẹ́rẹ́ ti tó.

Dark matter tí à ń wá kì í tàn, òòfà rẹ̀ (gravity) ló ń tú àṣírí rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá sáré ju agbára táyà rẹ̀ lọ ní ráúndàbáòtù Berger á yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà. Gáàsì tó ń yí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ (galaxy) po ń sáré jù, síbẹ̀ kì í yà. Kí ló dì í mú? Lọ́dún 1970, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Vera Rubin àti Kent Ford wọn eré gáàsì inú Andromeda, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan, wọ́n sì rí i pé eré náà kò lọ sílẹ̀ létí bó ṣe yẹ.

Ẹ wá SPARC, àkójọ dátà eré ìṣùpọ̀ ìràwọ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ 175 ló sì wà níbẹ̀. Ẹ dáńlóòdù fáìlì Rotmod_LTG, kí ẹ ṣí ti ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ NGC3198 nínú Excel. Òpó A ni bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí àárín tó, ní kpc (kpc kan tó nǹkan bí 3,260 ọdún ìmọ́lẹ̀). B ni eré tí wọ́n wọ̀n, ní kìlómítà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. D, E àti F ni eré tí òòfà gáàsì, ti ìràwọ̀ inú àwo (disk) àti ti ìràwọ̀ ikùn àárín (bulge) lè gbé ró.

Ẹ ṣọ́ra fún E àti F. Wọ́n ṣírò wọn bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn kan ní ìwúwo oòrùn kan, ìyẹn sì ti pọ̀ jù. Àwọn tó ṣe tábìlì náà dámọ̀ràn 0.5 fún àwo, 0.7 fún ikùn. Bí nọ́ḿbà bá bẹ̀rẹ̀ ní ìlà 4, ẹ tẹ èyí sí I4:

=SQRT(D4*ABS(D4)+0.5*E4^2+0.7*F4^2)

Ẹ má yọ ABS: D lè jẹ́ òdì níbi tí gáàsì ìta bá ti ń fa nǹkan sí òde. Ẹ fà á dé ìsàlẹ̀, kí ẹ ya B àti I sórí gíráàfù kan náà. (Ẹ tẹ Save o, iná Kubwa kì í dágbére kó tó lọ.)

I á máa wálẹ̀, B ò ní wálẹ̀. Ní 30 kpc, B ṣì wà nítòsí 150. Ẹ fi B lọ́nà ara rẹ̀, ẹ fi lọ́nà A, kí ẹ pín in sí 0.0000043 (nọ́ḿbà òòfà, G): gbogbo ohun tó wà láàárín 30 kpc yẹn tó ìwúwo oòrùn bílíọ̀nù 157. Ìràwọ̀ àti gáàsì kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀.

Ẹ wá yí 0.5 padà sí 0.3, lẹ́yìn náà sí 0.8. Àárín á yí gan-an, àmọ́ àlàfo etí kò ní dí. Onímọ̀ físíìsì Mordehai Milgrom ti sọ láti 1983 pé bóyá òfin òòfà fúnra rẹ̀ ló yí padà níbi tí òòfà ti kéré gan-an, Stacy McGaugh tó wà lára àwọn tó ṣe SPARC sì ń gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Excel yín kò lè dá ẹjọ́ yẹn.

Ẹ ṣí DDO154, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mìíràn, tẹ̀ lé e. Gáàsì rẹ̀ pọ̀ ju ìràwọ̀ lọ, nítorí náà 0.5 yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan bà jẹ́ níbẹ̀.