Òjò ń ṣú o, ẹ lọ pa súwíìsì: bí ẹ ṣe máa la àsìkò ìjì já l'Ógbómọ̀ṣọ́ tí fíríìjì yín ò ní jóná

Ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ iná àsìkò òjò ni mo gbé wá lónìí. Gbogbo àwa tí à ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ la mọ̀ pé tí oṣù kẹta bá ti ń parí lọ, òjò àkọ́rọ̀ kì í dá wá, ìjì ló máa ń rán ṣáájú. Ẹ ó kàn rí i tí apá ìlà oòrùn ṣú dùdù, eruku gbéra nílẹ̀, páànù ń lu ara wọn gbàgbàgbà, kí ẹ tó ní kí àwọn ọmọ sáré ká aṣọ, iná ti lọ. Tó bá tún di oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá tí òjò ń palẹ̀ mọ́, irú ìjì yẹn á tún padà wá kí wa.

Àmọ́ ẹ gbọ́, òkùnkùn kọ́ ló ń ba nǹkan jẹ́ o. Òkùnkùn ò jó fíríìjì ẹnì kankan rí. Bí iná ṣe ń lọ àti bó ṣe ń padà dé, ibẹ̀ ni ìnáwó wà.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ka máńgòrò ya lu wáyà ládùúgbò wa, iná ò lọ, ńṣe ni gílóòbù pálọ̀ mi mọ́lẹ̀ lójijì, ó funfun báláú, fáànù ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, èmi náà wá dúró mò ń wò ó, mo ní “ah, iná tòní mà dáa o.” Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán lẹ́nu mi tí gílóòbù fi bẹ́ pàá, òórùn rọ́bà tó ń jóná sì gba ẹ̀yìn fíríìjì jáde. Owó tí mo fi tún un ṣe, ẹ má bi mí.

Electrician tó wá wò ó ló là mí lóye, ó sì yẹ kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Wáyà mẹ́rin ló ń bọ̀ láti ara tíránsífọ́mà wá sí orí òpó àdúgbò, mẹ́ta ló ń gbé iná, ìkẹrin ni wọ́n ń pè ní neutral, òun ni iná ń gbà padà. Láàárín wáyà iná kan àti neutral, nǹkan bíi 230 volt ló wà níbẹ̀, òun ni tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì wa ń lò. Àmọ́ láàárín wáyà iná méjì, ó máa tó 400 volt. Tí ìjì bá wá já neutral, ilé yín àti ilé tó wà lórí wáyà kejì á jọ máa pín 400 yẹn, kò sì ní pín in dọ́gba: ilé tó jẹ́ gílóòbù méjì péré ló ń tàn níbẹ̀ ló máa gba èyí tó pọ̀ jù, ilé tí wọ́n ti ń lo áyọ́ọ̀nù àti fírísà á wá máa ṣe bàìbàì bí àtùpà tí epo fẹ́ tán nínú ẹ̀. Torí náà tí ìjì bá ń jà tí ẹ rí i pé iná mọ́lẹ̀ jù tàbí ó pọ́n jù, ẹ má dúró wòran bíi tèmi, ẹ sáré lọ pa súwíìsì ńlá.

Súwíìsì ńlá yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀. Ẹ mọ ibi tó wà, kí ìyàwó mọ̀ ọ́n, kí ọkọ mọ̀ ọ́n, kí ọmọ tó bá ti gbọ́n mọ̀ ọ́n, kó má jẹ́ pé bàbá nìkan ló mọ̀ ọ́n tí bàbá sì wà lóko. Tó bá jẹ́ ilé ayálégbé púpọ̀, ẹ fi máàkà kọ nọ́ńbà yàrá sí ara súwíìsì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kó ẹrù dí i lọ́nà o, mo ti rí ibi tí wọ́n ti kó àpò gàrí ti changeover (súwíìsì tí wọ́n fi ń yí ilé láti iná ìjọba sí ti jẹnẹrétọ̀), ilẹ̀ ṣú, ìjì ń jà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wọ́ gàrí.

Tí ẹ bá ti gbọ́ àrá àkọ́kọ́, àsìkò ti tó. Ẹ pa súwíìsì, kẹ́ ẹ sì fa púlọ́ọ̀gì yọ kúrò lára ògiri, torí àlàfo inú súwíìsì ò tó nǹkan, mọ̀nàmọ́ná lè fò ó. Wáyà díìṣì tó wọ ẹ̀yìn decoder, ẹ yọ ọ́, èyí lọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, wọ́n á yọ púlọ́ọ̀gì tán, àrá á wá gba orí páànù wọlé bá wọn. Ẹ má fi fóònù tó wà lójú iná pe ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí àrá ṣe sún mọ́ yín tó, tí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí ẹ ó fi gbọ́ ìró, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mẹ́ta ni kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ka mẹ́sàn-án, kìlómítà mẹ́ta péré ló wà sí yín, ìyẹn sì ti sún mọ́ jù. Àwọn ìyá wa máa ń ní ká bo dígí tí Ṣàngó bá ń jà, mi ò bá wọn jiyàn o, ẹ ṣáà yọ púlọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ tó lọ bo dígí.

Iná ti wá lọ báyìí. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn oníná (NEPA la ṣì ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ orúkọ yẹn ti kúrò láti 2005, ìjọba sì ti ta iṣẹ́ pínpín iná fún àwọn aládàáni ní 2013), ẹ kọ́kọ́ yọjú síta. Tí ilé tó kù bá ní iná, ọ̀dọ̀ yín lọ̀rọ̀ wà: ẹ wo mítà bóyá yúnìtì ti tán, ẹ wo breaker (súwíìsì tó máa ń pa ara ẹ̀ tí iná bá pọ̀ jù) bóyá ó ti wálẹ̀, ẹ gbójú sókè wo wáyà tó ti ara òpó wọlé yín bóyá afẹ́fẹ́ ti fà á yọ. Tó bá jẹ́ pé ilé kan ní, ilé kan ò ní, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ fíùsì wáyà kan ló já nídìí tíránsífọ́mà. Ibí yìí làwọn ọmọ àdúgbò ti máa ń fẹ́ ṣe akin, ẹnì kan á gbé igi, á ní òun mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Igi tútù ń gbé iná. Àwọn mìíràn á ní kí electrician yí àwọn sórí wáyà tó ń ṣiṣẹ́, gbogbo àdúgbò á wá rọ́ jọ sórí wáyà kan, tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́, òun náà á já.

Tó bá jẹ́ Sábó, Òkè-Àánú, títí dé apá LAUTECH, yunifásítì wa, ni ò ní iná, wáyà ńlá lọ̀rọ̀ wà lára ẹ̀, 11 tàbí 33 tí wọ́n máa ń pè yẹn, ìyẹn ẹgbẹ̀rún volt o. Ìyẹn kì í tètè padà torí wọ́n ní láti tọ ojú wáyà wò títí wọ́n á fi rí ibi tí igi wó lé. Tẹ́ ẹ bá wá pe ará yín n'Íbàdàn, ẹ tún pe ti Ìlọrin, tí àwọn náà wà lókùnkùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ grid, ìyẹn wáyà ńlá tó so iná gbogbo Nàìjíríà pọ̀, ló ṣubú, Òṣogbo ni wọ́n ti ń darí ìyẹn, ẹ lọ sùn.

Ohun kan tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni kí òjò wẹliwẹli lásán, tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́ rárá, mú iná lọ. Eruku ọyẹ́ ni. Láti oṣù kọkànlá ló ti ń lẹ̀ mọ́ àwọn tánganran tí wáyà gbára lé lórí òpó. Òjò tó pọ̀ á fọ̀ ọ́ dànù, àmọ́ òjò wẹliwẹli á kàn sọ ọ́ di ẹrẹ̀, iná á sì rí ọ̀nà gbà kọjá lára ẹ̀.

Wáyà tó bá já sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ má sún mọ́ ọn, kódà kí gbogbo ìlú wà lókùnkùn, torí wọ́n lè dá iná padà nígbàkigbà. Ẹ fi mítà mẹ́wàá ó kéré tán sáàárín, ẹ fi igi àti àkísà dínà kí ọlọ́kadà má baà gùn ún, kẹ́ ẹ wá pe àwọn oníná, ẹ sọ nọ́ńbà tó wà lára òpó tàbí orúkọ tíránsífọ́mà fún wọn, “ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí” nìkan ò tó, mélòó ni mọ́ṣáláṣí tó wà n'Ógbómọ̀ṣọ́? Tí ilẹ̀ ibi tẹ́ ẹ dúró sí bá ti tutù, tẹ́ ẹ sì ti sún mọ́ wáyà yẹn jù kẹ́ ẹ tó rí i, ẹ má sáré, ẹ pa ẹsẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ padà sẹ́yìn, torí iná ń gba inú ilẹ̀, tẹ́ ẹ bá la ẹsẹ̀ gbòòrò, á gba ẹsẹ̀ kan wọlé, á gba ìkejì jáde.

Ti jẹnẹrétọ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀: ìta ni, kì í ṣe kọ́rídọ̀, kì í ṣe kíṣìnnì tẹ́ ẹ ṣí fèrèsé ẹ̀. Òjò ń rọ̀ kì í ṣe àwáwí. Èéfín ẹ̀ tó ń pànìyàn ò ní òórùn, oorun ló fi ń mú èèyàn lọ. Changeover ni kẹ́ ẹ sì fi so ó mọ́ ilé, ẹ má ki púlọ́ọ̀gì ẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, torí iná yín á gba mítà jáde lọ bá ẹni tó ń tún wáyà ṣe lórí òpó.

Fírísà: ẹ má ṣí i. Ìyá kan tó ń ta ẹja tútù ládùúgbò wa, tí iná bá ti lọ báyìí, ó ti ju àdìrẹ́ nínípọn méjì lé e, ó jókòó tì í, oníbàárà tó bá dé, ó ní “ọ̀la.” Ó sì tọ̀nà, torí fírísà tó kún dáadáa tí wọn ò ṣí lè di yìnyín ẹ̀ mú tó wákàtí 48, tó bá jẹ́ ìlàjì, wákàtí 24, àmọ́ fíríìjì lásán ò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ọbẹ̀ inú fíríìjì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé kaná.

Ti fóònù, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó ní sóólà ni gbogbo wa ń lọ, òjò á ti kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ níbẹ̀. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ẹ̀yìn fóònù yín, kẹ́ ẹ kọ orúkọ sí i, dúdú ni gbogbo ẹ̀, wọ́n sì jọra.

Wọ́n wá mú iná dé. Àwọn ọmọ ti pariwo “Up NEPA!” kálẹ̀, gbogbo ọwọ́ ti ń nà sí súwíìsì. Ẹ ní sùúrù. Gílóòbù kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tàn, torí iná àkọ́dé yẹn lè lọ kó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dúró, tó bá sì jẹ́ neutral ló ṣì já níbì kan, gílóòbù yẹn ló máa sọ fún yín, gílóòbù kan sì sàn ju fíríìjì lọ. Tó bá ti tàn jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ tan tẹlifíṣọ̀n, ẹ tan fáànù, kí fíríìjì gbẹ̀yìn. Àmọ́ tí omi bá ti wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí tí ògiri ibẹ̀ ṣì tutù, ẹ fi súwíìsì ńlá yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà títí electrician á fi dé, kódà kí gbogbo àdúgbò máa wo bọ́ọ̀lù.