Bẹ́ ẹ ṣe máa gbọ́ àlíbọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ Roxy Music tó fi máa yé yín

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àlíbọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ Roxy Music, ẹgbẹ́ olórin rock ìlú Ọba yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí orin wọn tó ń jẹ́ Virginia Plain o. Mo mọ̀ pé òun ló gbajúmọ̀ jù, ó dé ipò 4 nílùú Ọba lọ́dún 1972, àmọ́ June ni àlíbọ́ọ̀mù ti jáde, August lorin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn ará Amẹ́ríkà ló wá tì í bọ inú tiwọn. Tó bá wà nínú èyí tó wà lórí fóònù yín, ẹ fò ó ná, a ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ wá íápíìsì tó dáa, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì máa sọ̀rọ̀, torí spíkà fóònù máa gbé gbogbo iṣẹ́ Brian Eno, ọ̀kan nínú wọn, mì. Eno yìí kì í ṣe onígìtá, kì í ṣe onípíánò, synthesizer VCS3 (ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ìró sílẹ̀) àti téèpù ló fi ń ṣeré, ìró gìtá Phil Manzanera àti fèrè oboe Andy Mackay máa ń gba inú ẹ̀rọ ẹ̀ kọjá, á lọ́ ọ, á fà á, kó tó dé etí wa. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í tiẹ̀ bá wọn dúró lórí ìtàgé, àárín èrò ló máa ń wà nídìí míkísà.

Ó yá, ẹ tẹ orin àkọ́kọ́, Re-Make/Re-Model. Ariwo pátì lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. CPL 593H tí wọ́n ń gbè yẹn, ẹ má da ara yín láàmú, nọ́ńbà mọ́tò ni. Ìparí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró dè, àwọn onílù àti olórin náà á máa fi ohun èlò wọn yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí wọ́n ń pe èèyàn jáde wá jó lóde ìnáwó, Graham Simpson tó ń ta bass sì bu díẹ̀ nínú Day Tripper àwọn Beatles sí i, kíá ló ti lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ kí n tó já a.

Bryan Ferry tó ń kọrin, iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Newcastle lọ́dọ̀ Richard Hamilton, ẹni tó máa ń gé àwòrán inú ìwé ìròyìn lẹ̀ mọ́ra. Bí wọ́n ṣe ṣe orin yìí náà nìyẹn, bí ẹ̀kú eégún ló rí, àlẹ̀mọ́ lóríṣiríṣi. Torí náà ojú rírán ni kẹ́ ẹ máa fetí wá. If There Is Something bẹ̀rẹ̀ bí orin àwọn olóko Amẹ́ríkà, nígbà tó bá fi máa dé àárín ẹkún ló ti dà, Ferry ń ṣèlérí pé òun á gbin pòtétò fún olólùfẹ́ òun (ẹ̀yin obìnrin, ṣé ẹ ń gbọ́?). 2HB kì í ṣe pẹ́ńsù o, “To H.B.” ni, Humphrey Bogart òṣèré fíìmù ló ń kí, ẹ gbọ́ bí saxophone ṣe ń dá ara ẹ̀ lóhùn níbẹ̀. The Bob ní tiẹ̀, ẹ má gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, ogun Battle of Britain ni, tí Jámánì àti ìlú Ọba fi ọkọ̀ òfuurufú jà lọ́dún 1940, ìró ìbọn wà nínú ẹ̀.

Tó bá ti tán pátápátá, ẹ wá lọ gbọ́ Virginia Plain. Á kàn já lójijì ni, ẹ má rò pé dátà yín ló tán.